Orúkọ Tó Wà Lábẹ́ Ọwọ́ Ìkòkò

Bàbá tó ń gbé yàrá ìsàlẹ̀ ilé wa ní Queens Village kú ní ọjọ́ Ajé tó kọjá. Ojú ọ̀nà ló ṣubú sí. Kò sí nǹkan lápò rẹ̀ ju nọ́ńbà fóònù ilé wa lọ, ni nọ́ọ̀sì bá pè wá, ó ní, "Kí lorúkọ rẹ̀ gan-an?" Kànmí, ọkọ mi, wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wò mí.

"Bàbá Ṣáínà la máa ń pè é," ni ìyá ọkọ mi sọ níkẹyìn.

Ẹ jọ̀ọ́, ojú tì mí. Wọ́n kọ́ mi pé ìyàwó kì í pe orúkọ ará ilé ọkọ. Mo pe àbúrò ọkọ mi ní Eyínfúnjowó, mo pe Bàbá ní Bàbá Oníkòkò. Ọ̀wọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ wo ló ń jẹ́ kí òkú àgbàlagbà sùn ní mọ́ṣúárì láìlórúkọ?

Ìkòkò tíì ni Bàbá ń fi amọ̀ mọ. Láyé àtijọ́, ní ìlú wọn ní Ṣáínà, ìyá tó bí bàbá rẹ̀ wà lára àwọn ọ̀gá amọ̀kòkò. Zhu Yuelan ni orúkọ ìyá náà; Bàbá máa ń dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í dárúkọ ara rẹ̀. Amọ̀ wọn pupa bí ilẹ̀ tiwa l'Abẹ́òkúta lẹ́yìn òjò. Àwọn ló ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n oníṣòwò tó gbà wọ́n síṣẹ́ ló ń lu òǹtẹ̀ tirẹ̀ sídìí ìkòkò. Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n ń lu òǹtẹ̀ kékeré tiwọn sábẹ́ ọwọ́ tí à ń dì mú.

"Ìdí ni oníṣòwò máa ń wò," Bàbá á ní, á rẹ́rìn-ín. "Kì í wo abẹ́ ọwọ́."

Ọ̀kan nínú ìkòkò ìyá yìí wà nínú dígí ní ilé ọnà kan ní Manhattan. Àwọn tó ni ín mọ ara wọn. Orúkọ ta ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀? Ti oníṣòwò! Bàbá bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n kàn wo abẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Mo sìn ín lọ lẹ́ẹ̀kan.

"Ṣé ọ̀jọ̀gbọ́n ni yín, sà?" ni ọkùnrin onítáì kan bi í.

"Rárá. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni mí."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní àwọn máa pè é. Bàbá sì ń retí ìpè yẹn títí tó fi kú. Wọ́n rí iná tàn sórí ìkòkò, wọ́n rí ẹ̀ṣọ́ fi ṣọ́ ọ. Ọwọ́ tó máa gbé e wò nìkan ni wọn ò rí?

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tiwa náà. Nígbà ìgbéyàwó wa, Bàbá fún wa ní ìkòkò tó fọwọ́ ara rẹ̀ mọ. Mílò la fi ń pò. Lẹ́yìn ìpè ọsibítù yẹn, mo sá wọ kíṣìnnì, mo dojú ìkòkò náà dé. Òǹtẹ̀ kan wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó kéré bí èékánná ọmọ tuntun. Àṣé orúkọ Bàbá la ti ń dì mú láràárọ̀!

Mo gbé e lọ bá obìnrin ará Ṣáínà tó ń fọṣọ ní Hillside Avenue. "Wu Genshan," ló kà. Ó wò mí. "Ṣé ẹ̀yin ni ẹ̀ ń bá a gbé?" Mi ò lè gbójú sókè. Nígbà tí mo sọ orúkọ náà fún ìyá ọkọ mi, ó tún un pè lẹ́ẹ̀mejì, ó bú sẹ́kún.

Nítorí náà, mi ò lè bá ẹ̀yin onídígí ilé ọnà yẹn jà bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. A jọ jẹ̀bi ni. Ṣùgbọ́n àwa ti gbé ìkòkò tiwa wò. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ ṣí dígí yẹn. Ẹ wo abẹ́ ọwọ́ ìkòkò náà lójú gbogbo ènìyàn, kí ẹ kọ Zhu Yuelan síwájú rẹ̀, kí ẹ sì sọ ìdí tí ẹ fi dá ọmọ-ọmọ rẹ̀ padà lásán.

Èmi àti Kànmí ń bọ̀ ní Sátidé. Onítìjú ni mí, ìwé mi ò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi mí pé ta ló rán mi, mo mọ orúkọ rẹ̀ báyìí.