Nígbà Tí Mọ́mì Sọ Wá Di Ọmọ

Mo rántí ìgbà tí òórùn sítáàṣì kì í kúrò lára mi, bí mo tilẹ̀ fi ọṣẹ olóòórùn wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ kan lẹ́bàá Gowon Estate ni mo ti ń lọ aṣọ nígbà náà. Sùtánà ló pọ̀ jù nínú aṣọ wa, torí ìjọ aláṣọ funfun pọ̀ ládùúgbò yẹn. Tó bá di àárọ̀ Sátidé, ṣọ́ọ̀bù á funfun báláú, a ó sì máa fọgbọ́n rìn kí ara wa má baà kan aṣọ ẹnikẹ́ni. Obìnrin ará Èkìtì kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́ ló ni ibẹ̀. Mọ́mì ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ń pè wọ́n: èmi, ọkùnrin tó ń fọṣọ, àti ìyàwó ilé kan tó ń ká aṣọ. Kò sẹ́ni tó ní ká máa pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń bá wa wí, wọ́n á tún bu oúnjẹ fún wa, ni ẹnu wa bá mọ́ ọn.

Rédíò ló mú ọ̀rọ̀ náà wọlé. Ó ní àbádòfin kan wà níwájú àwọn aṣòfin l'Ábùjá pé ẹnikẹ́ni tó bá gba èèyàn síṣẹ́, ìbáà jẹ́ ẹyọ ẹnì kan, gbọ́dọ̀ máa tọ́jú rẹ̀ bó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́, kó sì fi àyè rẹ̀ dè é títí ara rẹ̀ yóò fi yá. Ó ní ó ti kọjá kíkà kejì. Bí ọkùnrin afọṣọ ṣe gbọ́ "ti kọjá", ó pàtẹ́wọ́, ó ní ìjọba àpapọ̀ rántí mẹ̀kúnnù lónìí. Mọ́mì bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ṣàlàyé fún un bí olùkọ́ pé kíkà kejì kì í ṣe òfin, pé àbá ṣì ni, ó sì lè kú síbẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ dáadáa, àmọ́ ẹ̀rù ń bà wọ́n. Epo jẹnẹrétọ̀ nìkan ti fẹ́ẹ̀ gbé ṣọ́ọ̀bù náà mì.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n pè wá jọ.

"Bí ẹnikẹ́ni bá wọlé tó bi yín, ẹ kì í ṣe òṣìṣẹ́ mi o. Ọmọ mi ni yín. Àbí irọ́ ni?"

A ní kì í ṣe irọ́. Inú mi tiẹ̀ dùn. Ìyá tó bí mi wà l'Óǹdó, èmi sì ń dá gbé yàrá kan l'Ágbàdo, mo wá rò pé mo ti ní ìyá l'Ékòó. Mo ti ń ro irú aṣọ tí n ó wọ̀ bí wọ́n bá fẹ́ ya fọ́tò ìdílé lọ́dún Kérésì. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ fọ́tò fún mi o.

Àbádòfin náà ṣì wà l'Ábùjá lọ́jọ́ tí ìdérí gbígbóná ẹ̀rọ ìlọṣọ ńlá inú ṣọ́ọ̀bù já lé mi lọ́wọ́ ọ̀tún. Mọ́mì fúnra wọn ló gbé mi lọ sí ọsibítù nínú ọkọ̀ wọn. Wọ́n ń gbàdúrà lọ́nà, wọ́n ń sunkún, ẹkún tòótọ́ ni. Nọ́ọ̀sì béèrè bóyá ẹnu iṣẹ́ ló ti ṣe mí.

"Ọmọ mi ni," Mọ́mì dáhùn. "Ilé ló ti ń lọ aṣọ."

Nọ́ọ̀sì yíjú sí mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n san gbogbo owó ìtọ́jú, wọ́n ní kí n lọ sinmi. Egbò náà jinná, ṣùgbọ́n ìka mi méjì kú. Bí mo bá fi wọ́n kan nǹkan, n kì í mọ̀ bóyá ó gbóná tàbí ó tutù. Nígbà tí mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, ẹlòmíì ló wà nídìí tábìlì mi, ó ń lọ sùtánà. Mo bi Mọ́mì pé iṣẹ́ mi ńkọ́.

"Iṣẹ́ kẹ̀? Ilé rẹ nìbí jàre. Jókòó, kí n bu oúnjẹ fún ẹ."

Mo jókòó, mo jẹ ẹ́. Mi ò bínú, mi ò sunkún, mi ò sì mọ adùn ọbẹ̀ náà. Lóòótọ́, òfin kankan kò tíì sí tí ǹ bá fi gbèjà ara mi. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ì bá jà ṣá, ì bá tiẹ̀ pariwo. Èmi dúpẹ́ oúnjẹ, mo wọkọ̀ padà s'Ágbàdo. Ó pẹ́ gan-an tí mo fi ń jí, tí mò ń sùn, bí ẹni pé ẹlòmíì ló ń bá mi ṣe é.

Mo ti ní ibi ìlọṣọ kékeré tèmi báyìí n'Ígàndó, ọwọ́ òsì ni mo fi ń lọ aṣọ. Àwọn aṣòfin ìgbà yẹn ti lọ, àbádòfin náà bá wọn lọ. Rédíò ní àwọn tuntun ti tún gbé e dìde, wọ́n ti kà á lẹ́ẹ̀kan. N kì í dá iṣẹ́ dúró gbọ́ ọ. Mi ò ka Mọ́mì sí èèyàn burúkú. Mo gbà pé wọ́n fẹ́ràn mi, ìyẹn gan-an ni mi ò tíì mọ ohun tí n ó fi ṣe.

Mo gba obìnrin kan síṣẹ́. Lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó pè mí ní Àǹtí mi, mo ní kó máa pè mí ní ọ̀gá. Ó rò pé mò ń gbéra ga. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, oníbàárà kan bá wa níbi tá a jọ ti ń jẹ ẹ̀wà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àbúrò yín ni?"

"Rárá o," mo ní. "Òṣìṣẹ́ mi ni."

Oníbàárà náà wò mí bí ẹni pé mi ò láàánú. Obìnrin náà tẹ orí ba sórí oúnjẹ rẹ̀. Ó dùn ún, mo rí i. Mi ò ṣàlàyé.