Rótọ̀ Inú Àpò Ọkọ Mi

Gbogbo ìgbà tí ọkọ mi bá ti fẹ́ fi mọ́tò sílẹ̀ nílé, yóò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, yóò tú ìdérí dísítíríbútọ̀, yóò yọ rótọ̀ inú rẹ̀, yóò sì sọ ọ́ sápò ṣòkòtò. Nǹkan kékeré ni rótọ̀, kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ. Òun ló ń yí po tó ń pín iná fún àwọn púlọ́ọ̀gì. Bí kò bá sí níbẹ̀, èèyàn lè yí kọ́kọ́rọ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ẹ́ńjìnnì kò ní dáhùn. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin àdúgbò wa ní Mayfair ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọkọ̀ àtijọ́ wọn nítorí olè, nítorí náà kò jọ ẹnikẹ́ni lójú. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé èmi ni olè tí ọkọ mi ń ṣọ́.

Bàbá mi ló ni ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀. Ó fi ṣe kabúkabú láti Sábó dé ọgbà yunifásítì títí ohun tó ń ka máìlì fi dúró, tí a kò mọ iye tó ti rìn mọ́. Nígbà tí bàbá mi kú, èmi ló fi í sílẹ̀ fún. Ọ̀sẹ̀ tí a ṣègbéyàwó ni ọkọ mi gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, ó ní èèyàn méjì kì í di sítíárìn kan mú.

Ó ń lù mí. N kò ní sọ ọ́ ní bòókẹ́lẹ́. Ó lù mí nítorí ọbẹ̀ tó tutù, ó lù mí nítorí pé mo rẹ́rìn-ín sí aládùúgbò. Ó fi bẹ́líìtì lù mí, ó fi ọmọrogùn lù mí, ó sì gbá orí mi mọ́ ògiri tó fi jẹ́ pé títí di òní ni etí mi òsì ń hó. Mo sá lẹ́ẹ̀kan. Ẹsẹ̀ ni mo fi sá, mo pọn ọmọbìnrin mi. Ó bá mi ní oríta, ó di irun mi mú, ó sì wọ́ mi padà sílé lójú gbogbo ayé. Àwọn tó dúró ń wòran ní, "Tọkọtaya ni wọ́n, ẹ má dá sí i." Ìyá mi ní Òkè-Ogbó náà ní kí n ní sùúrù, pé ilé ọkọ, ilé ẹ̀kọ́ ni. Ẹ̀kọ́ wo? Bí wọ́n ṣe ń fi omi gbígbóná tẹ ojú tó wú ni ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀.

Ọjọ́ tó gbá ọmọ náà létí ni mo pinnu. Gàrí ló dà sílẹ̀, ọmọ tí kò tíì lè so okùn bàtà rẹ̀. Kò sunkún. Ó kàn ń wo ojú mi, ó ń wò ó bóyá ó yẹ kóun sunkún. Inú bí mi gidigidi. Mo mọ̀ pé bí n kò bá gbé e kúrò ní ilé yẹn, ohun tí ojú mi rí ni ojú tirẹ̀ náà yóò rí, ẹsẹ̀ kò sì lè gbé wa jìnnà tó. Àfi ọkọ̀ bàbá mi, ọkọ̀ bàbá mi kò sì lè lọ láìsí rótọ̀.

Ẹni tó bá ti ra pátì mọ́tò rí n'Ífẹ̀ mọ àṣà wọn. Kí o tó jókòó, wọ́n ti ń bi ọ́ pé, "Sáńpù dà?" Èyí tó bàjẹ́ ni wàá mú dání, wọn á wá fi wé ti inú ìsọ̀ wọn. Sáńpù tèmi sì rèé, inú àpò ẹni tó ń lù mí ló wà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wọ ilé ìwẹ̀, ó fi ṣòkòtò kọ́ ìṣó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá. Mo gé ọṣẹ ìfọṣọ sí méjì, mo tẹ inú rótọ̀ náà mọ́ ọ̀kan, mo tún tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ ọn. Mo ń nù ún lọ́wọ́ ni mo gbọ́ ohùn ọkọ mi láti ilé ìwẹ̀.

"Ọṣẹ dà nínú ilé yìí?"

Mo sáré dá rótọ̀ padà sápò, mo na ààbọ̀ ọṣẹ kejì sí i láti ẹnu ọ̀nà.

"Ta ló gé e?"

"Èmi ni, Dádì. Kó lè pẹ́ lọ́wọ́ wa ni."

Ó ní n kò lọ́pọlọ, ó sì ń wẹ̀ lọ.

Bàbá kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Alájì ló ń ta pátì nítòsí àwọn mẹkáníìkì. Mo tú ọṣẹ mi jáde nínú láílọ́ọ̀nù, mo gbé e síwájú rẹ̀.

"Ìyàwó, kí lèyí? Ṣé mọ́tò lo fẹ́ fọ̀ ni?"

"Sáńpù ni, ẹ jọ̀ọ́ sà."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Wàláhì, láti ọjọ́ tí mo ti ń ta pátì, n ò tíì rí ẹni tó fọṣẹ ṣe sáńpù!" Bó ṣe gbójú sókè ló rí ojú mi tó wú lábẹ́ ìborùn, ẹ̀rín náà sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó kó rótọ̀ jáde nínú páálí, ó ń kì wọ́n bọ inú ọṣẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí ga jù, èyí fẹ̀ jù, ẹnu èyí wọ́. Nígbà tó yá, ọ̀kan wọlé pẹ́kípẹ́kí.

Mo ní òun nìkan ni mo fẹ́. Alájì mirí.

"Ọkọ̀ tó ti gbó ni, àbí? Ṣé ó máa ń kú?"

"Tó bá ti gbóná, tó wá ń rìn jẹ́jẹ́, á gbọ̀n, á sì kú. Kì í jí títí á fi tutù."

"Ibi tó o ń lọ yìí, ṣé o fẹ́ kó kú sọ́nà?"

Omi bọ́ lójú mi. Mo ní rárá, sà.

Ó wá kó púlọ́ọ̀gì síwájú mi. Èyí tó ń dán jù ló kọ́kọ́ tì sẹ́yìn, ó ní àlòkù tí wọ́n fi sáńdípépà ha ni, tí wọ́n wá dà sínú páálí tuntun. Ó ní kí n wo òrùka ìdí rẹ̀: ti ojúlówó a máa yí, ṣùgbọ́n kì í jábọ́. Ó fi sẹ́ńsọ̀ kékeré kan lé e, èyí tó ń wo bí omi ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó. Ó ní, "Tìẹ ti ń purọ́. Ara ẹ́ńjìnnì ti gbóná, ó ń sọ pé ó tutù, epo á wá pọ̀ jù, á sì pa á." Mo ní mo mọ irú òpùrọ́ bẹ́ẹ̀, èmi àti ọ̀kan la jọ ń gbé.

Bàbá mi kò bí ọkùnrin, èmi ló máa ń pè bó bá ń ṣe ọkọ̀ rẹ̀, nítorí náà sípánà kò ṣàjèjì sí mi. Ọ̀sán ọjọ́ kan tí ọkọ mi wà níbi iṣẹ́, mo pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti sẹ́ńsọ̀. Mo ri rótọ̀ tuntun mọ́nú àpò ẹ̀wà ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta oúnjẹ níwájú ilé wa, di ọjọ́ Sátidé tí ọkọ mi yóò lọ síbi ìpàdé, torí ibi iṣẹ́ rẹ̀ kò jìnnà sílé, ṣùgbọ́n ìpàdé a máa pẹ́. Ohun tí n kò rò ni pé ọkọ̀ tí ara rẹ̀ bá yá kì í fi pamọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé e jáde. Nígbà tó padà dé, kò pa ẹ́ńjìnnì. Ó jókòó sínú rẹ̀, ó ń gbọ́ bó ṣe ń kùn jẹ́jẹ́, ọkọ̀ tó máa ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tú púlọ́ọ̀gì kan, ó wò ó. Ó dá a padà, ó sì fún un dáadáa, torí ó fẹ́ràn ọkọ̀ náà. Lẹ́yìn náà ló mú sípánà wọlé wá bá mi.

"Mẹkáníìkì wo ló ń bá ọ sùn?"

Ó fi sípánà náà gbá mi lápá ọ̀tún. Mo gbọ́ bí egungun ṣe ró kí n tó mọ̀ pé ó dùn mí. Ó gbá mi nípàá nínú, mo ṣubú, ó tún gbá mi. Ọmọ mi wà lábẹ́ tábìlì, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí. Ọkọ mi lù mí títí ó fi ń mí hẹlẹ. Ó wá jáde, ó yọ rótọ̀, ó ní òun kò ní gun ọkọ̀ tí àlè fọwọ́ kàn, ó sì gun ọ̀kadà lọ sí Òkè-Ogbó láti lọ fẹjọ́ mi sun ìyá mi pé mo ti ní àlè. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wà lórí tábìlì. Kò kà á sí.

Apá ọ̀tún mi ń fì dirodiro. Ọwọ́ òsì ni mo fi tú àpò ẹ̀wà, òun ni mo fi ṣí dísítíríbútọ̀, òun ni mo fi ti rótọ̀ bọlé, mo sì ń bú ìyá ẹ́ńjìnnì bí mo ṣe ń ṣe é. Mo gbé ọmọ sí ìjókòó ẹ̀yìn. Mo yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ bàbá mi dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo sunkún ayọ̀.

A kò tíì jáde tán ni ọ̀kadà gbé ọkọ mi padà dé. Ó gbàgbé fóònù rẹ̀. Ó dúró sáàárín géètì, ó na apá méjèèjì. Lójijì, ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú rótọ̀ jáde, ó wò ó, ó wo ọkọ̀ tó ń ró níwájú rẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, n kò rí ẹ̀rù lójú rẹ̀ rí.

"Kúrò lọ́nà!" ni mo wí. N kò bá a sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Ó sáré wá sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó fi ẹ̀ṣẹ́ fọ́ gíláàsì, gbogbo rẹ̀ dà sí mi lára. Ó rá mi mú lọ́rùn, ó ń fún mi. Ọmọ mi ké. Mo tẹ iná mọ́ ọkọ̀ náà. Ó wọ́ ọkọ mi títí dé òpó géètì, ẹsẹ̀ rẹ̀ há sáàárín òpó àti ọkọ̀, mo gbọ́ tí egungun tirẹ̀ náà ró. Ọwọ́ rẹ̀ tú lọ́rùn mi. N kò dúró. Inú mi dùn, n kò sì ní purọ́ fún ẹnikẹ́ni nípa ìyẹn.

Ìlú mìíràn la wà báyìí. Àwọn ẹbí rẹ̀ wá bá mi níbẹ̀ nígbà tó yá, wọ́n mú ìyá mi dání. Wọ́n ní ọkọ mi ń tiro, pé ìyàwó kì í dá ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀, kí n bá wọn lọ kí n kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Mo ká ọwọ́ aṣọ mi sókè, mo na apá ọ̀tún sí wọn, èyí tí egungun rẹ̀ kò tò dáadáa.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ bẹ èyí."

Ìyá mi dìde láàárín wọn, ó wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.