Àgbẹ̀ Inú Ìwé Ìdánwò Wa

Òórùn bisikíìtì ló kọ́kọ́ máa ń sọ sí mi lọ́kàn bí ẹnìkan bá dárúkọ Ìsọlọ̀. Bí a bá ń lọ sílé ẹ̀kọ́ láàárọ̀, afẹ́fẹ́ á gbé òórùn ṣúgà àti bọ́tà wá láti ilé iṣẹ́ ńlá kan, á sì dà á pọ̀ mọ́ òórùn aró tó ń ṣàn nínú gọ́tà àwọn tó ń hun aṣọ. Ìwọ náà á rántí ìgbà náà, nígbà tí owó epo ń wọlé, tí gbogbo ayé ń rọ́ wá sí Èkó bí ẹni pé ojú títì ni wọ́n ti ń ṣa owó. Bàbá mi wà lára àwọn tó rọ́ wá. Ọkọ̀ àjàgbé ló ń wà, ó ń kó sìmẹ́ńtì láti Àpápá lọ sókè Ọya. Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ṣubú mọ́ ọn lọ́wọ́ lójú ọ̀nà, ó sì bà jẹ́ kọjá àtúnṣe. Wọ́n ní kò kú, wọ́n ní kò tilẹ̀ fara pa púpọ̀, ṣùgbọ́n ọdún gorí ọdún, a ò gbúròó rẹ̀. Màmá mi jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń fi í tọ́ èmi àti àbúrò mi.

Lọ́dún tí mo fẹ́ ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá, ìtàn àròsọ kan wà lára ìwé tí a gbọ́dọ̀ kà. Ìwé àtijọ́ ni, àwọn ẹ̀gbọ́n wa náà ti fi ṣèdánwò. Àgbẹ̀ kan ló wà nínú rẹ̀ tó fi ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀, tó wá ọrọ̀ lọ sí ìlú òkèèrè, tó sì pẹ́ níbẹ̀. Tíṣà wa, obìnrin ará Èkìtì kan tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, tí ohùn rẹ̀ kì í ga, ní kí kálukú kọ nípa ìwà àgbẹ̀ náà. Háà, mo kọ ọ́! Mo ní ìkà ni, mo ní ọ̀lẹ paraku ni. Mo tẹ bírò débi pé bébà fẹ́rẹ̀ẹ́ ya.

Nígbà tí a jáde, tíṣà pè mí sábẹ́ igi fúrúùtù tó wà lẹ́yìn kíláàsì.

"Ó dùn ún kà," ó ní. "Ṣùgbọ́n níbo nínú ìwé lo ti rí i pé ọ̀lẹ ni?"

Mo ṣí ìwé náà wò síwá sẹ́yìn.

"Ta gan-an lò ń kọ nípa rẹ̀?"

Omijé ojú mi ló kọ́kọ́ dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà ni mo wá sọ ọ̀rọ̀ bàbá mi fún un. Kò rẹ̀ mí lẹ́kún lọ títí. Ó kàn ní kí n wá sílé òun ní Èjìgbò lọ́jọ́ Sátidé, kí n sì mú ìwé mi dání.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ la jókòó sí, àgbàdo sísè àti àgbọn wà láàárín wa. A tún ìwé náà kà látìbẹ̀rẹ̀. Ó ní ohun tí ẹ̀dá ìtàn ṣe àti ohun tó fẹ́ ṣe tí kò lè ṣe la fi ń mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ohun tí inú wa bá ń sọ. Ìgbà tí a dé ibì kan tí mo ti kà kọjá láìbìkítà, ó ní kí n rọra kà á sókè. Àṣé àgbẹ̀ náà padà wá, ó dé ẹ̀yìn odi ilé rẹ̀ gan-an. Ó rí ìyàwó rẹ̀ tó ru igi, ó rí òrùlé tó ti jò, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó ṣófo, ó sì yí padà.

Tíṣà ní, "Mi ò ní kó o dárí jì í o. Kó o ṣáà rí i."

Nígbà tí mo délé, mo sọ ìtàn náà fún màmá mi. Ó dá ẹ̀rọ dúró.

"Awakọ̀ kan sọ fún mi pé òun rí bàbá yín l'Óṣòdì," ó ní. "Ó ń lẹ táyà lẹ́bàá ojú irin. Ó béèrè bóyá ẹ ṣì ń lọ sílé ìwé. Awakọ̀ ní kó máa bọ̀ nílé, bàbá yín ní ojú wo lòun máa fi wò wá pẹ̀lú ọwọ́ òfo. Inú ló bí mi tí mo fi dákẹ́. Ṣé o fẹ́ rí i?"

"Mo fẹ́ rí wọn, mà."

"Ó dáa. Parí ìdánwò ẹ ná."

Nínú ìdánwò, wọ́n béèrè nípa àgbẹ̀ yẹn lóòótọ́. Mo kọ gbogbo ohun tí àgbẹ̀ náà bà jẹ́, mo sì kọ nípa ẹ̀yìn odi.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, èmi àti màmá mi lọ s'Óṣòdì. A béèrè lọ, a béèrè bọ̀, títí a fi bá a níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ sórí táyà, irun rẹ̀ ti funfun. Mo kúnlẹ̀. Ó dìde, ó ń fi ọwọ́ dúdú nu ara ṣòkòtò, kò lè wojú ẹnikẹ́ni. Ẹkún tí mo rò pé màmá mi máa sun kò wá, bẹ́ẹ̀ ni kò bú u. Ohun tó sọ ò ju, "Ṣé ẹ ti jẹun?"

Bàbá mi bú sẹ́kún.

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ dùn láti ọjọ́ yẹn. Wọ́n jà, wọ́n bínú, ó pẹ́ kí màmá mi tó tún pè é ní olówó orí òun. Ṣùgbọ́n ó ti bá wa délé, ilé wa ló sì ń sùn. Nígbà tí èsì ìdánwò jáde, tí mo yege, bàbá mi tí kò mọ̀wé kà ló gbé e káàkiri fi han gbogbo ayálégbé. Èmi àti òun jọ lọ dúpẹ́ ní Èjìgbò, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún tíṣà, obìnrin tó lè bí lọ́mọ. Ojú ti tíṣà, ó ń sáré gbé e dìde.

Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá. Mo ti gbàgbé ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ yẹn, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí mo gbàdúrà tí mi ò fi ti obìnrin yẹn sí i. Ìwé mẹ́wàá ni mo wá lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Bàbá mi ni mo mú bọ̀ wálé.