Sọ Pé Mi Ò Sí

Ọdún mọ́kànlá ni bàbá kan fi ṣọ́ géètì ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé, wọn ò sì fẹ́ràn rẹ̀ níbẹ̀. Bàbá Má-Purọ́ ni wọ́n ń pè é, èébú ni. Ẹni tó bá pẹ́ dé ní aago mẹ́jọ, mẹ́jọ náà ló máa kọ sílẹ̀ fún un, bó ti wù kó bẹ̀ ẹ́ tó. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá ní, "Ṣé ìwọ nìkan ni Krístẹni ni?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀gá yọjú lójú fèrèsé, ó rí oníbàárà kan tí òun ti ń fòní dónìí fọ̀la dọ́la fún lórí iṣẹ́ rẹ̀ láti oṣù tó kọjá. Ó ní, "Sọ fún un pé mi ò sí."

Bàbá ṣí géètì. "Ọ̀gá ní kí n sọ fún yín pé àwọn ò sí."

Oníbàárà wọlé tààrà. Nígbà tó lọ tán, ọ̀gá jáde, ó gbàgbé pé ẹni tó lè bí òun lòun ń bá wí. "Àgbà ìyà. Ta ló gbà ẹ́ síṣẹ́?"

Bàbá kó kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́.

"Ẹ̀yin ni, sà. Ṣùgbọ́n Ẹlòmíì ni àwa méjèèjì máa jíyìn fún, lọ́jọ́ tí ẹ ò bá sí lóòótọ́."