Okùn Tó Lè Jẹrà

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì, nígbà tí agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ ku ogún ìṣẹ́jú, ni Kókó-Méjì kọ́kọ́ fojú kan dókítà ẹran. Dókítà náà ti la ikùn màlúù tó kú sílẹ̀ lẹ́yìn ọgbà, ó sì ń fa nǹkan jáde níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fa garawa láti inú kànga. Okùn ọ̀rá ni, ó ti lọ́ mọ́ra, ó tó orí ọmọdé.

“Èyí ló dí i nínú,” ni dókítà wí. “Ká ní okùn ewé ni, ìbá ti jẹrà. Ọ̀rá kì í jẹrà.”

Ẹ̀gbọ́n Kókó-Méjì obìnrin ló ni màlúù. Opó ni, wàrà ló fi ń gbọ́ bùkátà ilé, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń tú ìdì koríko gbígbẹ fún ẹran láràárọ̀. Ó káwọ́ lérí. “Ọwọ́ mi ló ṣe é. Ìkánjú mi ni. Mo ti gbàgbé okùn síbi tí wọ́n ti ń jẹun.”

Kókó-Méjì àbúrò rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo okùn náà. Ọdún kọkàndínlógún rèé tó ti ń wa ẹ̀rọ tó ń di koríko. Bí ẹ̀rọ bá ta kókó tí kò mú, á sọ̀ kalẹ̀, á ta á lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á sì ki etí okùn bọ abẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn tó ń ta á bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ. Bí kókó tirẹ̀ náà bá dẹ̀, á gé e, á ta òmíràn. Ègé tó gé ńkọ́? Bó bá jù ú sílẹ̀, á wé mọ́ àgbá ẹ̀rọ. Nítorí náà, inú ìdì koríko ló máa ń tì í sí. Okùn tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń tú máa ń gùn ju apá lọ. Èyí tó wà nílẹ̀ yìí, ègé kúkúrú ni gbogbo rẹ̀, kókó méjì-méjì sì wà lórí mẹ́ta nínú wọn.

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka okùn. Okùn méjì ló ń di ìdì kan. Á tú u, á fi í kọ́ ìṣó, á kà á, á tún un kà. Kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ obìnrin fọwọ́ kan koríko mọ́. Oúnjẹ kò lọ lọ́fun rẹ̀ dáadáa, ojú rẹ̀ sì jìn sínú. Kókó-Méjì ń rí i, ara rẹ̀ kò sì gbà á.

Nígbà tí koríko tún gbó tó gígé, àwọn méjèèjì lọ sí ìsọ̀ olókùn. Olókùn náà gbé oríṣi okùn méjì lé tábìlì. Ó gbá okùn ọ̀rá lábàrá.

“Ẹ wo èyí! Ọmọ-ọmọ yín á jogún ẹ̀. Èyí kejì, okùn ewé, ó dáa o, àmọ́ eku fẹ́ràn ẹ̀ ju èmi lọ.”

“Ọ̀rá ni kí o dì fún wa,” ni ẹ̀gbọ́n wí. “Ṣé o ti gbàgbé ni, àbúrò? Nígbà tá a lo okùn ewé, eku já a, ogójì ìdì ló tú nínú àká, òjò jò sí wọn, ó sì bà wọ́n jẹ́.”

“Mi ò gbàgbé, mà. Ṣùgbọ́n ohun tí dókítà sọ…”

“Dókítà ò bá wa tọ́jú koríko. Okùn ò jẹ̀bi, èmi ni mo jẹ̀bi. Màá máa kà á títí màá fi kú, kò tún ní í ṣẹlẹ̀.”

Ó na ọwọ́ sí okùn ọ̀rá. Kókó-Méjì gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká ra okùn ewé. Kì í ṣe ọwọ́ yín. Èmi ni mò ń ti ègé okùn sínú ìdì, kó má baà wé mọ́ ẹ̀rọ. Kókó tèmi ni mo rí nínú ikùn màlúù yẹn, mo dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀, mo sì ń wò yín tẹ́ ẹ̀ ń pa ara yín. Ó ṣì wà nínú ìdì tó kù nílé, kò sì sí bí ẹ ṣe lè kà á, torí ẹ ò lè rí i. Màá tú gbogbo wọn lọ́la, màá ṣà á. Bí eku bá wá já okùn ewé, èmi ni kẹ́ ẹ pè kí n tún wọn dì, bó tilẹ̀ jẹ́ ogójì ìdì.”