Ọkùnrin Tó Fi Ìka Tútù Kan Máàpù Mi

Bí ẹ bá fẹ́, ẹ pe èyí ní àlọ́. Kò ní dùn mí. Ṣùgbọ́n ojú mi yìí ló rí i, lọ́sàn-án gangan, nínú óòfíìsì tí iná wà. Mo ti jẹun yó. Mi ò sùn, ara mi dá, n kì í sì í mu ọtí.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Atlanta níbí máa ń ya àwọn èèyàn wa lẹ́nu. Àwọn tó bá fẹ́ lọ gun òkè nílẹ̀ Yúróòpù, àwọn òkè Alps tí yìnyín kì í tán lórí wọn, èmi ni mo máa ń bá wọn ṣètò ọ̀nà tí wọ́n máa gbà. Ilé wo ni wọ́n máa sùn lórí òkè, ta ni amọ̀nà wọn, ibo ni kí wọ́n ti yí padà bí ààrá bá bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Via ferrata ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ìyẹn ni pé wọ́n ti kan wáyà irin mọ́ ara àpáta, wọ́n sì fi irin ṣe àkàbà síbi tó bá dúró ṣánṣán. Wàá de bẹ́líìtì mọ́dìí, wàá fi ìkọ́ rẹ̀ méjèèjì kọ́ wáyà yẹn, wàá sì máa gùn ún lọ. Bí ẹsẹ̀ bá yọ̀, wáyà á gbà ẹ́ dúró. Ó yẹ kó gbà ẹ́ dúró.

Èmi fúnra mi ò fẹ́ràn òkè. Máàpù ni mo mọ̀.

Óòfíìsì wa wà ní Lilburn, láàárín ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe èékánná àti ibi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí. Ọ̀gá mi ti jáde lọ jẹun. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀ nígbà tí Aunty Fúnmi wọlé.

Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni èmi àti Aunty ń lọ. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, Lithonia ni wọ́n ń gbé. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọkọ wọn, Uncle Dípọ̀, bá àwọn ará ibi iṣẹ́ lọ gun òkè. Inú pósí ni Uncle bá padà wálé. Wọ́n ní ojú ọ̀nà wáyà ni Uncle ti já bọ́. Kì í ṣe ọwọ́ wa ni ètò ìrìn-àjò yẹn wà, mo dúpẹ́.

Aunty ò wá fún ẹkún. Wọ́n jókòó, wọ́n gbé báàgì lé itan, wọ́n ní, "Àbúrò mi, bá mi ṣètò ọ̀nà yẹn. Mo fẹ́ lọ fọwọ́ kan irin tí ọwọ́ Dípọ̀ kàn gbẹ̀yìn. Má gbà mí nímọ̀ràn o. Pásítọ̀ ti gbà mí nímọ̀ràn."

Mo ní, "Ó dáa, mà."

Ọkùnrin kan tẹ̀ lé wọn wọlé. Mo rò pé àbúrò wọn ni, tàbí ẹni tó fi mọ́tò gbé wọn wá. Ó pupa, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó wọ jákẹ́ẹ̀tì búlúù. Àpá kan wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ láti etí dé àgbọ̀n. Omi ń kán lára rẹ̀. Mo ní, "Ẹ káàsán, sà." Ó mi orí, ó jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn. Mo gbé omi fún àwọn méjèèjì. Aunty wo ife kejì tí mo gbé síbẹ̀ yẹn, wọ́n wá wo ojú mi.

Ẹ gbà mí gbọ́, kò sí nǹkan kan lára ọkùnrin yẹn tó jọ ti òkú.

Mo tẹ́ máàpù sórí tábìlì. Mo fi bíírò tọ ojú ọ̀nà náà fún Aunty: láti ilé tí wọ́n máa sùn, lọ síbi afárá pákó, lọ síbi àkàbà irin, títí dé etí àpáta tí wọ́n ní Uncle ti já bọ́.

"Kì í ṣe ibẹ̀."

Ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni. Mo gbójú sókè, ọkùnrin náà ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mi ò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Òtútù tó ń ti ara rẹ̀ jáde dà bí ìgbà téèyàn ṣí fíríísà. Ó na ọwọ́, ó fi ìka kan máàpù, lápá òsì afárá, níbi tí mi ò fa ìlà kankan sí.

"Ibí ni," ó wí. "Ibí ló ti ń dúró de ìyàwó ẹ̀."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kò sí wáyà níbẹ̀ o. Àpáta lásán ni."

Aunty ní, "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

Mo yíjú sí wọn láti dáhùn. Ìgbà tí mo máa yíjú padà, kò sẹ́nì kankan. Ìlẹ̀kùn wa ò ṣí. Àga tó jókòó lé tutù rin. Lórí máàpù, ojú ìka kan wà, omi rẹ̀ ń wọnú ìwé lọ díẹ̀díẹ̀. Aunty náà rí i.

Wọ́n dìde fùú, wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Dípọ̀ ni! Dípọ̀ ni, àbí? Sọ fún mi!"

Mo sọ bí ọkùnrin náà ṣe rí. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni ọwọ́ wọn ń dẹ̀ lára mi. Wọ́n fi fọ́tò ọkọ wọn hàn mí lórí fóònù: ọkùnrin dúdú, tó sanra, tó pá lórí, tó ń rẹ́rìn-ín, tí kò ní àpá kankan lójú. Kì í ṣe òun. Kò tiẹ̀ jọ ọ́.

Mo ti rí opó tó ń sunkún rí, àmọ́ mi ò rí irú ẹkún ọjọ́ yẹn rí. Kì í ṣe ẹ̀rù ló ń ba Aunty. Ohun tó dùn wọ́n ni pé òkú wá, kì í sì í ṣe tiwọn.

Nígbà tó yá, wọ́n nu ojú. "Bí kì í bá ṣe òun, òun ló rán an. Ibi tó tọ́ka sí yẹn ni kó o mú mi lọ."

"Aunty, ẹ má bínú. Mi ò lè rán yín gba ibi tí kò sí ọ̀nà."

"Ọkọ tìrẹ ò tíì kú."

Mo ká máàpù náà.

Lọ́jọ́ kejì, mo pe amọ̀nà wa tó wà lọ́hùn-ún. Òyìnbó àgbàlagbà ni, wọ́n bí i sí ẹsẹ̀ òkè yẹn. Mi ò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo kàn bi í pé kí ló wà lápá òsì afárá. Ìbéèrè ló fi dá mi lóhùn.

"Ta ló fi ibẹ̀ hàn ẹ́?"

Mo ní oníbàárà kan ló béèrè.

"Ṣé ó ṣì wà láàyè, oníbàárà yẹn?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Wáyà wà níbẹ̀ nígbà kan. A ti tú u. Má rán ẹnikẹ́ni wá síbẹ̀." Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ojú ọjọ́.

Ọ̀nà tí gbogbo èèyàn ń gbà ni mo fún Aunty. Wọ́n gbà á láìbá mi jiyàn. Ó yẹ kí ìyẹn ti fu mí lára.

Ìyókù, ẹnu Aunty ni mo ti gbọ́ ọ, nínú pálọ̀ wọn ní Lithonia, lẹ́yìn tí wọ́n dé. Àárọ̀ ni òun àti amọ̀nà débi àpáta náà, oòrùn sì ń ràn. Aunty fọwọ́ kan irin. Wọ́n gbàdúrà. Wọ́n pe orúkọ ọkọ wọn.

Ẹnì kan jẹ́ ẹ.

Lódìkejì, lára àpáta tí kò ní wáyà, ọkùnrin kan dúró nínú jákẹ́ẹ̀tì búlúù. Kò di nǹkan kan mú. Ó ń fọwọ́ pè wọ́n. Aunty ní kí òun tó mọ̀, òun ti yọ ìkọ́ kan kúrò lára wáyà, ọwọ́ òun sì ti wà lára èkejì. Amọ̀nà ló gbá bẹ́líìtì wọn mú, tó fi ara rẹ̀ dí wọn lójú.

"Má wò ó," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Má dá a lóhùn."

Amọ̀nà náà ti rí i rí. Gbogbo ìbéèrè tí Aunty bi í bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ibi tí wọ́n máa gbẹ́sẹ̀ lé nìkan ló ń sọ.

Mo rò pé ẹ̀rù á ti bà wọ́n. Rárá o. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. "Àbúrò mi, o ò wò ó dáadáa lọ́jọ́sí. Kò tẹ́ẹ́rẹ́ tó bó o ṣe sọ ọ́. Àpá yẹn ò sì sí lójú ẹ̀. Nígbà tó rẹ́rìn-ín sí mi, bí Dípọ̀ mi ṣe ń rín in gẹ́lẹ́ ni."

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má padà síbẹ̀ mọ́. Mo ní mi ò ní ṣètò ọ̀nà kankan fún wọn mọ́. Wọ́n ní kò burú, ilé iṣẹ́ ò tán ní Atlanta. Wọ́n ti ra tíkẹ́ẹ̀tì báyìí. Mo sọ fún pásítọ̀, pásítọ̀ ní ọ̀fọ̀ ló ń da obìnrin náà láàmú. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, Aunty dì mọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ara wọn tutù bí omi inú fíríìjì. Wọ́n ní Dípọ̀ ní kí wọ́n bá òun kí mi.

Mi ò mọ ohun tí ọkùnrin yẹn jẹ́. Mi ò mọ ojú ẹni tó kọ́kọ́ gbé wọ̀ wá sí óòfíìsì wa. Ṣùgbọ́n bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ yín, tí ẹni tẹ́ ò mọ̀ rí wá ń júwe ibi tí òkú yín wà fún yín, ẹ bi í léèrè orúkọ tirẹ̀ ná. Bí kò bá lè sọ ọ́, ẹ pa ẹnu yín mọ́, kẹ́ ẹ má bàa fi orúkọ òkú yín ta á lọ́rẹ.