Ládù Inú Abọ́ Irin

Obìnrin alásè kan, ará Íńdíà, ń yí ládù, ìpanu dídùn roboto ti ilẹ̀ wọn, níwájú wa nínú gbọ̀ngàn kan ní Mississauga, ní Kánádà, ó ní ìyá àgbà òun ló kọ́ òun. Òórùn bọ́tà yíyọ́ àti ṣúgà gbalé kan. Màmá mi ni wọ́n kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Mo pòṣé.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, Auntie ará Íńdíà tó ń gbé àjà òkè ilé wa gbé ládù gbígbóná wá fún wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nínú abọ́ irin. Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n dúpẹ́. Bí wọ́n ṣe ti ilẹ̀kùn tán, wọ́n dà á sínú ike ìdọ̀tí.

"Oúnjẹ òrìṣà! Ẹ̀jẹ̀ Jésù!"

Wọ́n fọ abọ́, wọ́n ní kí n lọ dá a padà.

"Did you like it?" ni Auntie bi mí.

"Yes, Auntie."

Auntie tún bu ládù kún abọ́ náà. Mo jẹ ọ̀kan lórí àtẹ̀gùn, mo wá dúró kí òrìṣà gbé mi. Màmá da ìyókù nù.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ọmọbìnrin Auntie ló bímọ lọ́jọ́ yẹn, pé ládù ni wọ́n fi ń kí ọmọ káàbọ̀, bí àwa náà ṣe ń fi oyin àti ṣúgà sọmọ lórúkọ.

Nínú gbọ̀ngàn náà, Màmá fi ìgbọ̀nwọ́ gbún mi: "Bá mi bi alásè yẹn bóyá a lè dì lára ẹ̀ lọ sílé."

"Mọ́mì, ike ìdọ̀tí wà lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀ yẹn."